Jíìpù Ẹ̀yìn Wọ́kíṣọ́ọ̀bù Kì í Ṣe Ọkọ̀ Ogun

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Gbogbo wa la mọ jíìpù àtijọ́ tó wà lẹ́yìn wọ́kíṣọ́ọ̀bù, tí koríko ti bo táyà rẹ̀. Látìgbà tí mo ti dé JSS 1 ni àwọn sẹ́níọ̀ ti ń sọ fún wa pé ọkọ̀ ogun Bìáfrà ni. Wọ́n ní ọta ìbọn ló dá ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbà á gbọ́, èmi náà sì sọ ọ́ fún àwọn tó wọlé lẹ́yìn mi.

Ní báyìí tí ayẹyẹ ilé-ìwé ń bọ̀, àbá méjì ló wà nílẹ̀. Àwọn kan ní ká kùn ún ní àwọ̀ ṣọ́jà, ká kọ "1967" sí i lára, kí àwọn àlejò máa ya fọ́tò níbẹ̀. Àwọn kan ní ká tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ká fi owó rẹ̀ tún pọ́ǹpù omi ṣe. Èmi ò fara mọ́ ìkankan. Èrò tèmi ni pé ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ọkọ̀ yẹn jẹ́, ká tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, ká sì sọ ìtàn rẹ̀ bó ṣe rí.

Nígbà tí a lọ sí National War Museum ní Umuahia, mo rí àwọn ọkọ̀ tí àwọn Bìáfrà fi irin bò fúnra wọn, tí wọ́n ń pè ní Red Devil. Mo wá ń bi ara mi pé, tiwa ńkọ́? Kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an? Nígbà tí a padà dé, mo lọ bá olùkọ́ Basic Technology wa. Wọ́n ní, "Ó dáa, lọ mú téèpù wá."

A wọn ọkọ̀ náà láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn. Íǹṣì 109 ni. Wọ́n ní Land Rover gígùn nìyẹn, torí íǹṣì 88 ni kúkúrú rẹ̀. Ọdún 1948 ni Land Rover kọ́kọ́ jáde, wọ́n sì ń tún un ṣe lọ ni: Series II ní 1958, Series IIA ní 1961, Series III ní 1971. Bí èèyàn bá mọ ohun tó yẹ kó wò, á mọ èwo ló jẹ́.

Ẹ lọ wo tiwa dáadáa. Ara mọ́gáàdì ni iná iwájú rẹ̀ wà; láàárín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n, ni ti àwọn àtijọ́ wà. Ike ni wọ́n fi ṣe àwọ̀n iwájú rẹ̀. Wáyà ni tàwọn tó ṣáájú. Mítà rẹ̀ wà níwájú dírẹ́bà. Ti àwọn tó ṣáájú, àárín dáṣíbọ́ọ̀dù ló máa ń wà. Series III ló ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé mẹkáníìkì lè ti fi ẹ̀yà ọkọ̀ mìíràn sí i. Òótọ́ ni, a mọ orílẹ̀-èdè wa! Ìdí nìyẹn tí a fi wá nọ́ńbà tí wọ́n lù sára ṣásí fúnra rẹ̀ níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n so sípíríǹgì mọ́. A fi dísù àti búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́ títí nọ́ńbà fi jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 9, bí ti Series III ìgbà yẹn ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ogun Bìáfrà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967, ó parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Ọdún 1971 ni Series III jáde. Ṣé ọkọ̀ tí wọn ò tíì ṣe lè lọ sógun ni?

Ihò ọta ìbọn ńkọ́? Mẹ́rin ni ihò náà, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n, wọ́n sì tò lórí ìlà tó gún. Bóòtù ni wọ́n fi de nǹkan mọ́ ibẹ̀. Àwọ̀ ewé rẹ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rí. Lóòótọ́, ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì àti ṣọ́jà Nàìjíríà lo Land Rover, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀, dókítà àti ilé-ìwé náà lò ó. Kódà, wọ́n to Land Rover pọ̀ nígbà kan ní Ìbàdàn tiwa, ní ilé iṣẹ́ Leyland.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ó ti bá tiwa.

Kí ni ìtàn ọkọ̀ náà gan-an? Pápá tó ń ṣọ́ géètì wa ló wà á nígbà tó ṣì jẹ́ dírẹ́bà. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n wọlé jókòó sídìí sítíárìn, wọ́n fọwọ́ kan ọ̀pá kékeré olórí pupa tó wà nílẹ̀. Wọ́n ní òun làwọn máa ń fà sẹ́yìn tí ẹrẹ̀ bá pọ̀, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa fi agbára wọ́ ọkọ̀ lọ. Wọ́n ní ọkọ̀ náà ló ń gbé gàrí àti iṣu wá láti ọjà. Lóru ọjọ́ kan tí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, òun ló gbé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí inú ń run dé ọsibítù. Ọmọ náà yè. Ìtàn yìí ò ha tó kọ sára pátákó bí?

Mo mọ̀ pé omi ṣe pàtàkì. Èmi náà ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la máa gba owó irin. Wọn á wọ̀n ọ́n ní kílò, wọn á yọ́ alumíníọ́mù rẹ̀ fi ṣe ìkòkò, ó parí. Bí pọ́ǹpù bá tún bàjẹ́ ńkọ́, kí la máa tà? Tí ọkọ̀ náà bá wà, gbogbo kíláàsì Basic Technology á máa fi kọ́ iṣẹ́.

Bí a bá sì fẹ́ tún un ṣe, ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀dà bẹ̀rẹ̀. Ara rẹ̀, alumíníọ́mù ni, torí irin ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Kì í dógùn-ún bí irin. Ṣùgbọ́n irin ni ṣásí tó gbé e, ó sì ṣófo nínú bí àpótí. Omi á wọ inú rẹ̀, á máa jẹ ẹ́ láti inú wá. Olùkọ́ wa fi hámà kékeré kàn án káàkiri. Níbi tó le, ó ń dún kọ́ kọ́ kọ́. Ibi mẹ́ta ló dún pò. Àwọn ibẹ̀ ló yẹ kí wẹ́ḍà kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni búréèkì, torí ọkọ̀ tí kò lè dúró ò gbọ́dọ̀ rìn. Ẹ́ńjìnì ló kàn: ká tú pọ́lọ́ọ̀gì, ká da ọ́ìlì díẹ̀ síbẹ̀, ká fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ká wá rọra fọwọ́ yí i. Ọ̀dà ló máa kẹ́yìn.

Ohun tó dùn mí jù rèé. Ọmọ Igbo ni ọ̀rẹ́ mi tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè. Bàbá ìyá rẹ̀ lọ sógun yẹn, wọn ò padà wálé. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ "1967" tí wọ́n fẹ́ kọ fún un, ó dákẹ́, ó wá ní, "Nílé wa, a kì í fi ogun ṣeré." Mi ò lè dá a lóhùn. Bí ọkọ̀ yẹn bá lọ sógun lóòótọ́, ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Kò lọ, kí la fẹ́ fi irọ́ ṣe?

Mo bẹ ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká kọ lẹ́tà sí Píríńsípà kí ayẹyẹ tó dé. Ká ní kí wọ́n má tà á, kí wọ́n má sì kùn ún ní àwọ̀ ṣọ́jà. Ká gé koríko ìdí rẹ̀ ní Sátidé. Ká kọ ìtàn tí Pápá sọ sílẹ̀ ní Yorùbá, Igbo àti Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n ṣì wà pẹ̀lú wa láti tún un sọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀.

Èmi ti lọ bá àwọn ọmọ JSS 1 tí mo parọ́ fún, mo ti tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Ó kù sọ́wọ́ ẹ̀yin sẹ́níọ̀.