Ẹgbẹ́ Tí Kò Lè Wá Ọjà fún Ọmọ Ẹgbẹ́, Kí Ni Ìwúlò Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan kì í kúrò lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà: "Ẹgbẹ́ kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ fi ẹgbẹ́ ṣe? Ẹ ṣá ti fún mi ní iná àti dátà." A gbọ́ yín. Ẹ ti rí ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé gbígba owó ọdọọdún, dídá aṣọ àti pípín àwo ẹ̀yẹ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ń jò, òrùlé là ń tún ṣe, a kì í torí ẹ̀ lọ sun ìta. Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀: ilẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ sọ́ftíwíà rẹ̀ kò bá ní ẹgbẹ́ tó lẹ́nu, ilẹ̀ tó ní in ni yóò máa tajà fún wọn. Bí ẹgbẹ́ náà bá sì wá di ti àwọn ọlọ́lá nìkan, ẹni kékeré kò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo Íńdíà. Ní 1988, ilé-iṣẹ́ 38 kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ NASSCOM sílẹ̀. Nígbà náà, owó ibodè lórí sọ́ftíwíà tó ń wọlé wúwo púpọ̀, adàkọ ń da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ láìbẹ̀rù, ilẹ̀ òkèèrè kò sì ka Íńdíà kún rárá. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá dá lọ bá mínísítà, ta ni yóò dá a lóhùn? Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ní 1991, Dewang Mehta dé sí ẹgbẹ́ náà. Ó ń ti ọ́fíìsì ìjọba bọ́ sí ilé ìwé ìròyìn, ó sì ń polówó Íńdíà lókè òkun, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn, owó ibodè wálẹ̀. Ní 1994, wọ́n tún òfin ṣe kí ẹni tó bá ń da sọ́ftíwíà kọ lè rí ẹ̀wọ̀n he, ẹgbẹ́ náà sì wà lára àwọn tó jà fún un. Nígbà tí Mehta kú ní 2001, kò tíì pé ogójì ọdún, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti mọ Íńdíà mọ́ iṣẹ́ náà.

A kò sọ pé ẹgbẹ́ nìkan ló ṣe é o. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, ìjọba náà ṣí ọrọ̀ ajé sílẹ̀ ní 1991. Ohun tí ẹgbẹ́ ṣe ni pé ó sọ ohùn púpọ̀ di ohùn kan.

Ó tún tọ́jú orúkọ. Ní 2005, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan nílùú Pune jí owó àwọn oníbàárà báńkì Amẹ́ríkà kan. Ẹgbẹ́ náà kò káwọ́ gbera. Ní 2006, wọ́n dá ìwé orúkọ kan sílẹ̀ tí a ti lè yẹ ẹni tí òṣìṣẹ́ jẹ́ wò. Ní 2008, wọ́n dá àjọ tó ń rí sí ààbò dátà sílẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àwa ńkọ́? Ọmọ Ìbàdàn tó ń wá iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti fura sí i kó tó la ẹnu, nítorí àwọn ọmọ Yahoo. Ta ló ń jẹ́rìí rẹ̀?

Ẹ má sì jẹ́ ká yin Íńdíà ní àyìnjù. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣiṣẹ́ fún oníbàárà òkèèrè ló lágbára jù nínú NASSCOM. Àwọn tó ń ṣe sọ́ftíwíà tiwọn láti tà rí i pé ohùn àwọn kò dún tó, ni wọ́n bá dá iSPIRT sílẹ̀ ní 2013. Ramalinga Raju tó sì ti ṣe alága ẹgbẹ́ náà rí, òun ló jẹ́wọ́ ní oṣù kìíní 2009 pé òun ti ń purọ́ sínú ìwé owó ilé-iṣẹ́ Satyam fún ọdún púpọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ń wo àpò ẹni kó tó fi í ṣe alága, kó fojú sọ́nà fún irú èyí.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sílé. Kì í ṣe pé Nàìjíríà kò ní ẹgbẹ́, ISPON wà. Kì í ṣe pé ìwé ìlànà kò sí. NITDA gbé ọ̀kan jáde ní 2013 pé kí ọ́fíìsì ìjọba máa ra sọ́ftíwíà ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn báńkì wa. Finacle àti Flexcube tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, Íńdíà ni wọ́n ti ṣẹ̀. Ní 2024 tí àwọn báńkì ń pààrọ̀ sọ́ftíwíà, GTBank bọ́ sórí Finacle. Lọ́dún yẹn kan náà, Sterling bọ́ sórí SeaBaaS tí wọ́n ṣe nílé níbí. Ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé irú àpẹẹrẹ yìí káàkiri: ibi tó ti dára rèé, ibi tó ti kọsẹ̀ rèé, iye tó náni rèé.

Àwọn kan yóò ní, "Èyí tó dára ni mo ń rà, kì í ṣe tìbílẹ̀." Òótọ́ ni. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ fi gbọ́dọ̀ máa yẹ iṣẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wò, kó sì lójú láti sọ pé, "Èyí kò tíì tó tà." Ẹgbẹ́ tó ń gbè sẹ́yìn iṣẹ́ játijàti, ọjà gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ń bà jẹ́.

Ẹ lè bi wá pé, kí ló kan ọmọ ẹ̀ka Yorùbá? Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nínú Unicode, ẹ́ àti ọ́ kò ní àmì ẹyọ kan ṣoṣo. Lẹ́tà àti àmì ohùn la ń so pọ̀. Ẹni tó ń ṣe fọ́ọ̀mù tí kò mọ èyí, fọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò kọ orúkọ rẹ sílẹ̀, tàbí kó bó àmì rẹ̀ dànù. Bí Ayọ̀ ṣe ń di Ayò nìyẹn, bí ẹni pé inú ọpọ́n ni wọ́n bí i sí. Ẹnì kan kò lè dá èyí tún ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá sọ ọ́ di òfin pé sọ́ftíwíà tí kò lè kọ orúkọ ọmọ Nàìjíríà bí òbí rẹ̀ ṣe sọ ọ́ kò gbọdọ̀ gba ọ̀ǹtẹ̀ wa, àwọn tó ń ta fọ́ọ̀mù yóò gbọ́n lọ́sẹ̀ kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa tó ń kọ kóòdù, ẹ wọnú ẹgbẹ́ náà, kí ẹ má fi sílẹ̀ fún àwọn aláwo ẹ̀yẹ. Ẹ bèèrè pé kí ilé-iṣẹ́ kékeré ní ìbò kan bíi ti ńlá. Ẹ bèèrè ìwé orúkọ tí a fi lè jẹ́rìí ọmọ wa lókè òkun. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó sì wà ní báńkì àti ọ́fíìsì ìjọba, nígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ ra sọ́ftíwíà, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: ṣé ẹ tiẹ̀ wo ti ilé kí ẹ tó lọ síta?