BÍSÍKÍÌTÌ ÓÒTÌ KÌ Í ṢE OÒGÙN

Ìyá kan kọ̀wé sí wa láti Èmùré. Wọ́n ní àwọn ń fi óòtì yan bísíkíìtì fún baálé àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, síbẹ̀ ṣúgà ara bàbá ò wálẹ̀.

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú. Óòtì dáa lóòótọ́, kì í tètè dà nínú. Àmọ́ ṣúgà mélòó lẹ dà sí i? Ẹ má sọ pé oyin lẹ lò o! Ṣúgà ni oyin náà.

Ẹ lo ife óòtì 1, ife fúláwà 1, àbọ̀ ife bọ́tà, ẹyin 1 àti ṣíbí ṣúgà 3 péré. Ẹ̀pà yíyan tí ẹ gún, tí kò kúnná, àti àgbọn gbígbẹ ni yóò máa rún wómúwómú lẹ́nu. Ẹ gé ṣokoléètì díẹ̀ sí i. Kòkó bíi ti oko wa ni wọ́n kúkú fi ń ṣe é. Tí ẹ ò bá ní ààrò, ẹ da yanrìn sí ìkòkò ńlá lórí èédú, ẹ gbé abọ́ sínú rẹ̀, ẹ dé e, títí yóò fi pọ́n.

Bàbá ńkọ́? Ẹyọ 1 tó wọn, kí wọ́n má sì fi oògùn dókítà sílẹ̀. Àwọn ọmọ ló ni ìyókù!