Kí Ni Iye Ìtọ́kasí Ń Sọ fún Wa Nípa Onímọ̀ Fáírọ́ọ̀sì?

Nínú ọgbà Yunifásítì Redeemer's ní ìlú Ẹdẹ ni ibùdó ìwádìí tí a dá sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ACEGID wà, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ka àbùdá àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń da ènìyàn láàmú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì kòrónà nílẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù Kẹta ọdún 2020, lára ará Ítálì kan tó wọ Èkó. Orúkọ rere ni èyí mú bá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n bí a bá ń yin irú àwọn onímọ̀ báyìí, iye àpilẹ̀kọ wọn àti iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn tọ́ka sí wọn ni a sábà máa ń gbọ́. Ó yẹ kí ará ìlú mọ ohun tí iye náà jẹ́, nítorí ó wà lára ohun tí a fi ń pín owó ìwádìí, tí a sì fi ń gbé olùkọ́ ga lẹ́nu iṣẹ́.

Bí onímọ̀ kan bá lo iṣẹ́ ẹnìkejì nínú àpilẹ̀kọ tirẹ̀, tó sì dárúkọ rẹ̀, ìtọ́kasí kan nìyẹn. Ní ọdún 2005, Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní Amẹ́ríkà, gbé ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní h-index kalẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ 20 ti kọ àpilẹ̀kọ 20 tí a tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nígbà 20 ó kéré tán. Ìwọ̀n náà ní làákàyè nínú: kò gba ẹni tó kọ ọ̀kẹ́ àìmọye àpilẹ̀kọ tí ẹnikẹ́ni kò kà láyè láti máa yangàn.

Síbẹ̀, ohun tó ń ká gbogbo ayé lára ni ìtọ́kasí ń tẹ̀lé. Kò sí orílẹ̀-èdè tí kò kọ̀wé lórí kòrónà. Ibà Lásà ńkọ́, èyí tó gba orúkọ rẹ̀ lára ìlú kan ní Borno ní ọdún 1969? Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ń bá jà, ìwọ̀nba ènìyàn ló sì ń kọ̀wé lé e lórí. Nígbà tí àìsàn náà gbilẹ̀ ní ọdún 2018, ẹ̀rù bà wá pé bóyá fáírọ́ọ̀sì náà ti yí padà, tàbí pé ó ti ń ran ènìyàn láti ara ènìyàn. Àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn Irrua, àwọn ará Ẹdẹ àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn láti Amẹ́ríkà ka àbùdá rẹ̀. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú New England Journal of Medicine lọ́dún náà fi hàn pé kì í ṣe ẹ̀yà tuntun, àti pé ara eku ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn ti kó o. Eku ni kí á gbógun tì, kí á sì máa bo oúnjẹ. Ẹni tó ń bo gàrí rẹ̀ ní Ìkìrun kò ní tọ́ka sí àpilẹ̀kọ kankan.

Ohun kan tún wà tí ìṣirò náà kì í rí. Àpilẹ̀kọ lórí Ẹ̀bólà ní Sierra Leone, tó jáde nínú Science ní ọdún 2014, tí orúkọ Happi wà nínú rẹ̀, jẹ́ èyí tí a ń tọ́ka sí gidigidi. Márùn-ún nínú àwọn tó kọ ọ́ ni Ẹ̀bólà pa kí ó tó jáde, Dókítà Sheik Humarr Khan ti Kenema sì wà lára wọn. Iye kan náà ni ìṣirò náà ń kọ sí ẹsẹ̀ orúkọ gbogbo wọn, òkú àti alààyè.

Nítorí náà, mo gbà pé kí àwọn ìgbìmọ̀ ìgbéga máa béèrè ohun tí iṣẹ́ kan yí padà níbi tí a ti ṣe é, kí wọ́n tó wo iye. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèwálé Tòmórì, ọmọ bíbí Iléṣà, tó di Gíwá àkọ́kọ́ fún Yunifásítì Redeemer's, kọ̀wé púpọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1994 sí 2004, nígbà tó wà pẹ̀lú Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó kópa ńlá nínú dídá àwọn yàrá àyẹ̀wò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà. Ìgbẹ́ ọmọ tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ lójijì ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, irú iṣẹ́ tí kì í di àpilẹ̀kọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, a kéde pé ẹkùn Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì àdáyébá tó ń fa àrùn náà.