Ẹ Ṣírò Ìrìnàjò Kí Ẹ Tó Ra Páàsì Rélùwéè

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gba àlejò láti ilé ní Lọ́ńdọ̀nù gbà pé BritRail, páàsì tí wọ́n ń tà fún ẹni tí kò gbé Britain, ló máa dín ìnáwó kù. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Páàsì yẹ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró sójú kan: Edinburgh lónìí, York lọ́la, Cardiff lọ́túnla. Màmá tó wá wo ọmọ-ọmọ ní Peckham, tí wọ́n kàn fẹ́ dé Manchester lẹ́ẹ̀kan, kò nílò rẹ̀.

Káàdì ẹ̀dínwó ni kí wọ́n rà.

Láti oṣù Kẹta 2025, £35 ni ọ̀pọ̀ Railcard fún ọdún kan, ó sì ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó ọkọ̀. Tí owó ọkọ̀ bá ti tó £105, káàdì ti san ara rẹ̀. Àlejò náà lè rà á. Ẹni tó ti pé 60 ọdún ní tirẹ̀, ọ̀dọ́ ní tirẹ̀, ẹni méjì tó ń rìn pọ̀ sì ní Two Together. Àmọ́ Two Together yìí kì í ṣiṣẹ́ ṣáájú aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì.

Tó bá di ti Yúróòpù, páàsì Interrail ni ti ará Lọ́ńdọ̀nù, páàsì Eurail ni ti ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Ó máa ń dunni tí èèyàn bá ra páàsì tán, tó wá dé ìdí ọkọ̀ ojú irin Eurostar tàbí TGV, tí wọ́n tún ní kó sanwó ìjókòó lọ́tọ̀. Owó yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò láti ilé.