Ohùn Àwọn Àgbà Wa: Máíìkì Wo Ni Kí A Rà?

Lára ohun tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún gbé síwájú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ni pé kí a fi ọ̀rọ̀ wá àwọn olùkọ́ àtijọ́ lẹ́nu wò, kí a gba ohùn wọn sílẹ̀, kí a sì máa gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí pọ́díkáàsì, kí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun pàápàá lè gbọ́. Tọkàntọkàn ni a fi fara mọ́ èyí. Àbá tó tẹ̀ lé e, pé kí a kọ́kọ́ dá owó jọ láti kọ́ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ sínú ọgbà, ni a kò fara mọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí a fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọn kò lè dúró de búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì.

Ìwé tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther kọ wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti sùn nínú Olúwa ní ọdún 1891, ta ni nínú wa tó mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí? Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ní tirẹ̀ dúró níwájú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Zonophone ní London ní ọdún 1922, ó sì kọ orin ìyìn ní èdè Yorùbá sínú àwo. Ó papòdà ní ọdún 1930, ohùn rẹ̀ sì ń dún títí di òní. Ẹ̀rọ ìgbà náà kò lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù tó wà nínú àpò wa. Wọ́n gba ohùn náà nígbà tí olóhùn wà láyé, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Àwọn olùkọ́ wa rí ìgbà tí ìjọba gba ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ ní àwọn ọdún 1970. Wọ́n kọ́ni nígbà tí àwọn ọmọ Èkó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀wọ́ òwúrọ̀ àti ọ̀wọ́ ọ̀sán, kí ìjọba Alhaji Lateef Jakande, tó gorí àléfà ní 1979, tó fòpin sí i. Wọ́n sì rí i nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ padà fún àwọn ìjọ. Ìwé ìjọba yóò sọ ọjọ́ fún wa. Ohun tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan.

Ẹni tó bá mọ Ìlúpéjú mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ké ní Industrial Avenue, ọkọ̀ akẹ́rù ń gbọn ilẹ̀ ní Coker Road, fèrè dánfó kò sinmi ní Town Planning Way, ọkọ̀ ojú irin sì ń kọjá láàrin Mushin àti Oṣòdì. Jẹnẹrétọ̀ ni olórí gbogbo wọn. Kíkùn rẹ̀ nísàlẹ̀ sún mọ́ ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ bàbá arúgbó ń gbé, ohùn ìsàlẹ̀ yìí kan náà ni a sì fi ń mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ àti ọkọ́. Bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà yọ ariwo náà kúrò lẹ́yìn-ò-rẹyìn, ó lè bù lára ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, kí ariwo má wọlé rárá ló yẹ kí a ná owó lé.

Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn máíìkì ńlá tí wọ́n ń pè ní condenser, èyí tí wọ́n rí lórí tábìlì àwọn oníròyìn, ó sì pọ̀ ní Computer Village ní Ìkejà. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣí jù: inú yàrá tí a ti dí ariwo mọ́ ìta ni ó ti wúlò. Ní Ìlúpéjú, yóò gbọ́ bàbá, yóò gbọ́ adìẹ aládùúgbò. Irú kejì, dynamic, ohun tó wà níwájú ẹnu rẹ̀ ni ó ń gbọ́ jù. Shure SM58, tó jáde ní 1966, wà lára irú èyí. Ayédèrú rẹ̀ kún ọjà, kí olùrà la ojú rẹ̀.

Síbẹ̀, bí a bá bi wá léèrè, máíìkì kékeré onígbèéráàrọ̀ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí a ń há mọ́ àyà aṣọ, tí wáyà rẹ̀ ń wọ inú fóònù. Iye rẹ̀ kò tó owó aṣọ ẹgbẹ́ tí ẹnì kan nínú wa rà fún àjọ̀dún yìí. Kí a ra méjì, ọ̀kan fún olùbéèrè, ọ̀kan fún àgbà. Kí a há a sí ìwọ̀n ìka mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, níbi tí léèsì àti ìlẹ̀kẹ̀ màmá kò ti ní máa fi ara gbún un. Kí a wo ihò fóònù kí a tó lọ sí ọjà, nítorí ọ̀pọ̀ fóònù ìsinsìnyí kò ní ihò róbótó mọ́. Ti àwọn aláìníwáyà olówó pọ́ọ́kú, a kò gbà wọ́n nímọ̀ràn. Bátìrì wọn lè kú nígbà tí ìtàn bá ń dùn, ohùn wọn sì lè já.

Bí owó bá tún wọlé, kí a ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ àfọwọ́mú. Zoom H1n ń fi bátìrì wẹ́wẹ́ méjì ṣiṣẹ́, kò bẹ iná ìjọba. Nípa fáìlì WAV, ìṣẹ́jú kan ń gba nǹkan bíi megabyte 10, wákàtí kan sì ń gba bíi 600. Kí káàdì ní àyè tó, kí ẹ̀dà kejì wà níbòmíràn kí a tó kúrò nílé àgbà.

Yàrá ńkọ́? Ilé ìsìn wa kò yẹ, nítorí ó ń gbá ohùn padà. Pálọ̀ àgbà, tó ní kọ́tìnì àti tìmùtìmù, dára jù ú lọ. Kí a pa fáànù àti fíríìjì, bí màmá tilẹ̀ ń wò wá bí aláìlójú àánú nínú ooru oṣù kẹta. Kí a sì gba àṣẹ kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí a jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí a fẹ́ gbé jáde, nítorí ẹyin lohùn.

Bàbá tó dàgbà jù nínú àwọn olùkọ́ wa tó ṣẹ́kù ti gbà pé kí a wá ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn àjọ̀dún. Aago méje òwúrọ̀ ni a dá, kí àwọn aládùúgbò tó tan jẹnẹrétọ̀. A ti ní máíìkì kan. A ń wá ẹni tí yóò mú èkejì wá.