Kí ni ọmọ yín ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà lóru?

 

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, arábìnrin kan níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o. Ọmọ mi tí ó wà ní yunifásítì ti dé fún ọlidé, ṣùgbọ́n kì í sùn. Bí iná bá ti dé lóru, yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó ní báyọ́lọ́jì ni òun ń kọ́. Ṣé orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe báyọ́lọ́jì ni? Ẹ̀rù ń bà mí kí ó má lọ jẹ́ pé yahoo ló ń ṣe."

N kò bá a wí. Òbí wo ni ẹ̀rù kì í bà lóde òní? Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo ní kí a lọ bi ọmọ náà.

Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ kí wa, ó sì gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá. Ohun tí a rí níbẹ̀ kò ju lẹ́tà mẹ́rin lọ, A, C, G àti T, tí wọ́n tò lọ rẹrẹ. Ó ní, "Màmá, bí wọ́n ṣe ń kọ ohun tí ọmọ jogún lára bàbá àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nìyí. Ó tó bílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà. Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú kà á tán. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń lo kọ̀ǹpútà."

Ó fi jínótáìpù tí a ń yẹ̀ wò ṣáájú ìgbéyàwó ṣàlàyé fún wa. Nínú gbogbo lẹ́tà wọ̀nyẹn, ẹyọ kan ṣoṣo tí ó yí padà ni ó fa àìsàn SS, bí ọmọ bá gbà á lọ́dọ̀ òbí méjèèjì. Agbègbè ibi tí lẹ́tà yẹn wà ni òun ń wádìí.

Mo bi í pé, "Ẹ̀jẹ̀ ta ni ẹ ń kà?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ti àwa Yorùbá ni. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní HapMap. Ènìyàn 270 ni wọ́n yẹ̀ wò. Nínú wọn, 90 jẹ́ Yorùbá láti Ìbàdàn: ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ wọn kan. Wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Láti ọdún 2005 tí wọ́n ti gbé àbájáde àkọ́kọ́ jáde, ọ̀fẹ́ ni fún ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà àti fún ọmọ ilé-ìwé ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ní, "Kí ló wá dé tí o kì í sùn?"

Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun ti parí iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, àbájáde rẹ̀ sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ òun fi yin òun. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan, òun rí i pé òun ti ka ènìyàn 90 náà bí ẹni pé wọn kò bá ara wọn tan. Ohun tí ó wà lára ọmọ, ara òbí rẹ̀ ni ó ti wá. Ẹni tí ó bá ka àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ dà bí ẹni tí ó ka owó nígbà tí ó wà lápò bàbá, tí ó tún kà á nígbà tí bàbá fi lé ọmọ lọ́wọ́. Nígbà tí òun yọ àwọn ọmọ 30 náà kúrò, tí ó ku 60, ẹ̀rí tí ó lágbára tẹ́lẹ̀ wá rọ.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ta ni ìbá mọ̀?"

Ó ní, "Kò sí, Màámi. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀."

Ó ti jẹ́wọ́ fún olùkọ́ rẹ̀. Inú olùkọ́ náà kò dùn, nítorí ọjọ́ tí wọn yóò gba iṣẹ́ ti sún mọ́lé, ṣùgbọ́n ó ní kí ó lọ tún un ṣe. Ohun tí ó ń gba oorun lójú ọmọ náà nìyẹn.

Ó tún sọ fún wa pé irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe eré. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, àwọn onímọ̀ ka lẹ́tà kòrónà tí wọ́n rí lára aláìsàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, àlejò tí ó wá sí Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níhìn-ín. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Bí ẹni tí ń kà á bá purọ́, ẹ̀mí ènìyàn ni yóò fi ṣòfò.

Ìyá náà nu ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ra epo sínú jẹnẹrétọ̀.

Ọmọ náà ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ báyìí. Àbájáde rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ìyá rẹ̀ ti ń bẹ̀rù pé ọmọ òun ń fi kọ̀ǹpútà purọ́ lóru, kò mọ̀ pé irọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí ni ó ń fi oorun rẹ̀ tún ṣe.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe dijú sí ohun tí ọmọ yín ń ṣe, ẹ má sì dá a lẹ́bi kí ẹ tó bi í. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ ní, "Wá fi hàn mí." Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ yóò fi hàn yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má bínú bí wọ́n bá bi yín. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè tí ìyá yín gbọ́.

Ó di oṣù tí ń bọ̀.