Omi ṣúgà kì í ṣe tchakpalo

Ẹ̀yin ará wa ní Ṣábẹ, Kétu, Ìdáàṣà, Àjàṣẹ́ àti Tógò, ọ̀rọ̀ tchakpalo ló gbé wa dé. Níbi ìnáwó púpọ̀ báyìí, omi ṣúgà ni wọ́n ń bù fún wa, wọ́n á ní tchakpalo ni. A ò ní dákẹ́ mọ́.

A mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń pọn ọ́n. Wọ́n á rẹ ọkà bàbà tàbí àgbàdo sómi di ọjọ́ kejì, wọ́n á jẹ́ kí ó hù fún ọjọ́ 3 tàbí 4, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́. Híhù yẹn gan-an ni iṣẹ́. Ìgbà tí ọkà bá hù ló ń ní agbára tó ń sọ ìyẹ̀fun di adùn. Omi tó bá hó máa ń pa agbára náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń kọ́kọ́ da omi òkè sọ́tọ̀, tí wọ́n á se gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ nìkan, kí wọ́n tó pa méjèèjì pọ̀.

Ọkà ti wọ́n, igi ìdáná ti wọ́n, a mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn kan ń ṣe? Wọ́n dín ọkà híhù kù sí ìdajì, wọ́n fi ìyẹ̀fun ọkà tí kò hù dí i. Ìyẹn kò ní agbára yẹn. Ọtí kò dùn, ni wọ́n bá ń da ṣúgà sí i, wọ́n ń fi ọwọ́ bu ìwúkàrà búrẹ́dì lé e. Ẹ bi wọ́n pé mélòó, wọ́n á ní “igbá kan”. Igbá ta ni? Igbá ọkà lásán àti igbá ìyẹ̀fun ọkà híhù kò wúwo bákan náà.

Ẹnìkan á ní ayé ti yí padà. Òótọ́ ni, ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹni tí kò rí ọkà bàbà lè fi àgbàdo pọn ọ́n, bí ó bá ṣáà ti hù. Àfirọ́pò kọ́ là ń bá jà. Àfirọ́pò ìkọ̀kọ̀ là ń bá jà.

Ẹ wo bàbá wa tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó mọ̀ pé adùn wà nínú ọkà, ó sì ń mu ún níwọ̀n. Báwo ló ṣe máa wọn ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún un? Ìyá tó sì ń fi ọkà híhù pọn tirẹ̀ kò lè tà á ní iye tí oníṣúgà ń ta tirẹ̀. Òun ló ń jẹ gbèsè.

Ẹ̀yin ìyá wa olọ́tí, ẹ jọ̀ọ́: ẹ fi òṣùwọ̀n kílò wọn ọkà híhù yín. Ẹ pa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tó dára mọ́ fún èyí tó kàn. Bí ẹ bá fi ṣúgà sí i, ẹ sọ fún wa, kí ẹ sì fún un lórúkọ mìíràn.

Àwa tí à ń rà á náà, kí á máa bèèrè kí á tó gbé igbá sẹ́nu.